Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Èdè Àwọn Onírédíò Háàmù, Láti CQ Dé 73

Láti ọjọ́ tí mo ti na wáyà áńtẹ́nà sórí òrùlé ni ìbéèrè kan náà ti ń tẹ̀lé mi kiri: "Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ gan-an?" Àwọn èèyàn á ní àwọn gbọ́ nọ́ńbà, àwọn gbọ́ lẹ́tà, àwọn tún gbọ́ orúkọ ijó àti orúkọ ọtí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti há ọ̀rọ̀ háàmù sórí láti A dé Z. Kí wọ́n tó dé D, A ti sá lọ.

Ẹ má há a sórí. Ìpàdé orí rédíò ní ètò, bí ìkíni wa ṣe ní ètò. Tí ẹnì kan bá ní "ẹ káàárọ̀ o", ẹ ti mọ̀ pé "ṣé dáadáa la jí?" ló kàn, pé ó máa béèrè àwọn ará ilé lẹ́yìn náà. Àwọn háàmù náà á pe ara wọn, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n wà àti orúkọ wọn, wọ́n á sì dágbére. Ẹni tó bá mọ ohun tó kàn á ti máa retí ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde lẹ́nu wọn. Bí ìpàdé ṣe ń lọ ni màá ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà síbí.

Àwọn àgbà wa sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Háàmù ni èyí tó ń gbèsì: ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ bá ẹlòmíràn tó ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ládùúgbò, ì báà jẹ́ lókè òkun. Kò gbọdọ̀ gba owó lórí rẹ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Rédíò tó ń gba ìgbì kúkúrú tó sì ní SSB, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn háàmù fi ń gbé ohùn lórí ìgbì kúkúrú. Tí ẹ ò bá ní, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín tó. Ẹ wá WebSDR ti Yunifásítì Twente ní Netherlands lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba ìgbì dé 29 MHz.
- Gbohùngbohùn elétí. Ariwo orí ìgbì kúkúrú kì í jẹ́ kí ará ilé sùn.
- Ìwé àti bírò.
- Wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò ní rán yín níṣẹ́.

Ìkìlọ̀: etí nìkan la fẹ́ lò báyìí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kan láti sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àjọ ìjọba: ọwọ́ NCC ló wà ní Nàìjíríà, ọwọ́ Ofcom ní Bìrìtéènì, ọwọ́ FCC ní Amẹ́ríkà. Ìdánwò àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Technician, jẹ́ ìbéèrè 35. Ẹni tó bá gba 26 ti yege. Wọ́kì-tọ́kì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri lè sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí kì í ṣe ti háàmù rárá. Pé ẹ̀rọ náà gbà kò sọ pé òfin gbà.

## Ẹ kọ́kọ́ wo ìpàdé kan

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa bá pàdé jù lórí ìgbì. Báyìí ni ìpàdé kékeré ṣe máa ń lọ:

> — CQ CQ CQ, this is Five November Zero Quebec Yankee Oscar, standing by.
>
> — Five November Zero Quebec Yankee Oscar, this is Mike Zero Quebec Delta Echo, over.
>
> — Mike Zero Quebec Delta Echo, you are five seven, five seven. QTH Ibadan, name is Ayo. Over.
>
> — QSL, Ayo. You are five five with QSB. QTH Leeds, name is Tom, running QRP, five watts. Over.
>
> — Very good, Tom. 73. QRZ?

Àwọn àmì ìpè méjèèjì yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Q síbẹ̀ lẹ́yìn òǹkà nítorí pé wọn kì í sábà fún èèyàn ní irú rẹ̀, kó má baà dàrú mọ́ àwọn lẹ́tà Q tí a máa dé láìpẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́ orúkọ lẹ́tà

Ibí ni àwọn orúkọ ijó àti ọtí ti wá. Nínú ariwo, B, D, E, G, P àti T ń dún bákan náà, nítorí náà gbogbo lẹ́tà ló ní orúkọ:

Alfa, Bravo, Charlie, Delta, Echo, Foxtrot, Golf, Hotel, India, Juliett, Kilo, Lima, Mike, November, Oscar, Papa, Quebec, Romeo, Sierra, Tango, Uniform, Victor, Whiskey, X-ray, Yankee, Zulu.

Ẹyọ kan yìí ni mo gbà kí ẹ há. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ máa fi ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú yín nínú gó-síló. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti wọ ara. Ẹ máa gbọ́ àwọn kan tó ń dá tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú ṣe é. Ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ra.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú àmì ìpè

Àmì ìpè ni orúkọ tí ìjọba fún oníláísẹ́ǹsì, kò sì sí méjì irú rẹ̀ láyé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé yín:

- 5N: Nàìjíríà
- TY: Benin
- 5V: Tógò
- G, M tàbí 2: Bìrìtéènì
- K, W, N, tàbí AA títí dé AL: Amẹ́ríkà
- PY: Brazil (ó tún ní àwọn mìíràn tó fi P bẹ̀rẹ̀)
- CO tàbí CM: Cuba

Tí ẹ bá gbọ́ "stroke portable" tàbí "stroke mobile" lẹ́yìn àmì, ẹni náà kò sí nílé: ó gbé ẹ̀rọ lọ síta, tàbí ó wà nínú ọkọ̀.

Bí àmì bá yára jù, ẹ kọ ìwọ̀nba tí ẹ gbọ́, ẹ fi àlàfo sí ìyókù. Wọ́n máa tún un sọ. Ẹni tó bá ń méfò máa ń kọ orílẹ̀-èdè tí kò sí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ìpè

CQ túmọ̀ sí "ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi, kó dá mi lóhùn". Ẹni tó ń pè ò mọ ẹni tó máa jáde, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní "àgò onílé o!"

DX ni ọ̀nà jíjìn. Tí ẹnì kan bá pe "CQ DX", òkèèrè ló ń wá. Ará ìlú kan náà tó bá dá a lóhùn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Over ni "mo ti sọ tèmi, ó kù sí yín lọ́wọ́". Ó wúlò nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Over and out" tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù ò bá ara mu: èkíní ní kí ẹ sọ̀rọ̀, èkejì ní ọ̀rọ̀ ti tán.

QRL? ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìpè: "Ṣé ẹnì kan wà lórí ìgbì yìí?" Lórí ohùn, wọ́n á ní "Is this frequency in use?" Tí ìgbì bá dákẹ́, ẹ má rò pé kò séèyàn níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí etí yín ò ká.

## Ìgbésẹ̀ 4: 57, 59, 599

Ìdáhùn sí "báwo lẹ ṣe ń gbọ́ mi?" nìyí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ yé, láti 1 dé 5. Èkejì ń sọ bí ohùn ṣe lágbára tó, láti 1 dé 9. Òun ni wọ́n ń pè ní S, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ń kà á. Lórí Mọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní CW, wọ́n á fi ẹ̀kẹta kún un fún bí ìró ṣe mọ́ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 599.

Ibí yìí dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Láti S kan sí èkejì jẹ́ 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí agbára kan ṣe ju èkejì lọ), ìyẹn ni pé ẹ ní láti sọ agbára ẹ̀rọ di ìlọ́po mẹ́rin kí S tó gòkè lẹ́ẹ̀kan. Láti wáàtì 5 dé wáàtì 100 jẹ́ ìlọ́po 20, ìyẹn sì jẹ́ S méjì àti díẹ̀. Ẹ padà sí ìpàdé wa: Tom fi wáàtì 5 gba 57. Ká ní wáàtì 100 ló lò, 59 ni ì bá gbà. Ṣé ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó máa ná ènìyàn? Nítorí náà ẹ má fi ojú kéré àwọn tó ń lo agbára díẹ̀.

"Five nine plus twenty" túmọ̀ sí pé ohùn náà fi 20 dB kọjá 9. Ariwo ńlá nìyẹn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: nígbà ìdíje, gbogbo èèyàn ló ń fún gbogbo èèyàn ní 59, kódà ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó tún àmì rẹ̀ sọ nígbà mẹ́rin. Bíi ti ẹni tó ní "a dúpẹ́" nígbà tí ebi ń pa á.

## Ìgbésẹ̀ 5: Àwọn lẹ́tà Q

Òfin kan ló wà: tí àmì ìbéèrè bá tẹ̀lé e, ìbéèrè ni, tí kò bá tẹ̀lé e, ìdáhùn ni. "QTH?" ni "níbo lẹ wà?" "QTH Ibadan" ni "Ìbàdàn ni mo wà". Àwọn tí ẹ máa bá pàdé lọ́jọ́ kan náà nìyí:

- QSO: ìpàdé èèyàn méjì lórí rédíò.
- QTH: ibi tí èèyàn wà.
- QSL: mo ti gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ó tún jẹ́ orúkọ káàdì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ìpàdé.
- QRZ?: ta ló ń pè mí?
- QSB: ohùn ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbì òkun.
- QRM: ariwo tí ọwọ́ èèyàn fà.
- QRN: ariwo ojú ọ̀run.
- QRP: agbára kékeré, wáàtì 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. QRO ni òdìkejì rẹ̀.
- QSY: ẹ jẹ́ ká sún lọ sí ìgbì mìíràn.
- QRX: ẹ dúró dè mí.
- QRT: mo fẹ́ pa ẹ̀rọ.

QRM àti QRN ló ń dàrú mọ́ èèyàn jù. Ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ wa á tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ínfátà, ṣájà sólà àti gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, QRM ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá pa á, ó máa dákẹ́. Ààrá àti mànàmáná àkókò òjò, QRN nìyẹn, kò sì sí bọ́tìnì tó ń pa á.

Ìkìlọ̀: tí òjò bá ń ṣú, ẹ yọ áńtẹ́nà kúrò lára ẹ̀rọ kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ń sán. Ṣàngó kò ní béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 6: Orúkọ àti ìdágbére

Orúkọ tí a fi ń jẹ́, wọ́n tún ń pè é ní handle. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń lò, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ẹni 80 ọdún. Ó kọ́kọ́ ń ti èmi lójú láti pe bàbá àgbà ní Tom gbalaja báyẹn. Ẹ fara mọ́ ọn, àṣà ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló dá yín lóhùn tí ẹ sì gbọ́ ọ lóhùn pé àgbà ni, "ẹ" ò yí padà lórí rédíò.

73 ni "ó dàbọ̀, ire o". Ó ti jẹ́ ọ̀pọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má sọ pé "73s". 88 ni ìfẹ́ àti ìfẹnukonu. Ẹ mọ ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún. OM ni ọkùnrin, YL ni obìnrin, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Hi hi ni ẹ̀rín lórí Mọ́ọ̀sì.

Ẹ lè gbọ́ silent key pẹ̀lú, tàbí SK lẹ́yìn àmì ẹnì kan. Ẹni náà ti kú. Ọmọ Yorùbá ò nílò ìtumọ̀ púpọ̀ síbẹ̀: àwa náà ń sọ pé bàbá ti dákẹ́.

## "20 mítà" kì í ṣe gígùn áńtẹ́nà

Gígùn ìgbì ni. Ẹ fi MHz pín 300, ẹ máa rí i: 300 pín sí 14.2 jẹ́ mítà 21 àti díẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní 20. Ní Áfíríkà àti Yúróòpù, mẹ́ta tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni:

- 20 mítà, 14.000 sí 14.350 MHz: ojúmọmọ, ọ̀nà jíjìn. Ìgbì rẹ̀ ń gbá ojú ọ̀run padà wálẹ̀, ó sì lè gbé ohùn láti Èkó dé London.
- 40 mítà, 7.000 sí 7.200 MHz: ó dára ní ìrọ̀lẹ́ àti òru.
- 2 mítà, 144 sí 146 MHz: ti wọ́kì-tọ́kì. Ibi tí ojú lè rí ló máa ń dé, tàbí ibi tí ripítà bá gbé e dé.

Ripítà ni ẹ̀rọ orí òkè tó ń gbọ́ yín lórí ìgbì kan, tó sì ń tún un sọ lórí òmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àlàfo àárín ìgbì méjèèjì ni offset. 600 kHz ni lórí 2 mítà ní Bìrìtéènì. Ripítà tó ń sọ̀rọ̀ lórí 145.700 ń gbọ́ lórí 145.100. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń béèrè tone, ìró kékeré kan bíi 88.5 Hz tí ẹ̀rọ yín máa ń rán mọ́ ohùn, bíi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ń gbọ́ ripítà dáadáa tí òun ò gbọ́ yín, tone tàbí offset ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Simplex ni kí méjì máa sọ̀rọ̀ tààrà láìsí ripítà.

Lórí ìgbì kúkúrú, SSB ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yà méjì ló ní, LSB àti USB (kì í ṣe USB ti okùn kọ̀ǹpútà o). Nísàlẹ̀ 10 MHz, ẹ lo LSB. Lókè rẹ̀, USB. Tí ẹ bá yan èyí tí kò yẹ, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Tí ẹ bá yan èyí tó yẹ ṣùgbọ́n tí ìgbì ò bọ́ sójú rẹ̀, ohùn náà á máa dún bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ rọra máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ohùn èèyàn. Tí ẹ bá sì gbọ́ bí ẹni ń fọn fèrè lórí 14.074, tó ń dáwọ́ dúró tó ń tún bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra, FT8 nìyẹn: kọ̀ǹpútà méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ kọjá lọ.

## Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta, kí ẹ má baà ba nǹkan jẹ́

1. SWR: ìwọ̀n agbára tó ń já padà láti áńtẹ́nà sínú ẹ̀rọ. 1 ló dára jù, kò burú títí dé 2. Tó bá dé 3, ẹ dúró, ẹ wá ohun tó fà á.
2. Dipole: áńtẹ́nà wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi MHz pín 143, ẹ máa rí gígùn rẹ̀ ní mítà. Fún 14.2, ó jẹ́ mítà 10 àti díẹ̀, márùn-ún márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ gé e gùn díẹ̀. Èyí tó gùn ṣeé gé. Kí ó jìnnà pátápátá sí wáyà NEPA, kódà bó bá já bọ́.
3. Dummy load: ohun tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ dípò áńtẹ́nà nígbà ìdánwò, tó ń sọ agbára di ooru. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀ láé láìsí áńtẹ́nà tàbí èyí lẹ́yìn ẹ̀rọ.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- "10-4". Ti àwọn awakọ̀ akẹ́rù orí CB ni, irú rédíò mìíràn tí kì í ṣe ti háàmù. Háàmù tó bá gbọ́ ọ máa mọ̀ pé àlejò lẹ jẹ́.
- Pípe CQ lórí ripítà. Níbẹ̀, ẹ dárúkọ àmì yín kí ẹ ní "listening". Ó ti tó.
- Kíkọ aago ilé sínú ìwé. UTC, aago àgbáyé, ni gbogbo wọn ń lò, tí wọ́n ń pè ní Zulu. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀: 20:15 ní Èkó jẹ́ 19:15 UTC.
- Àìgbọ́ "up". Tí èèyàn púpọ̀ bá ń pe ẹnì kan ṣoṣo, pile-up nìyẹn. Ẹni náà á ní "listening up five": òun ń sọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n 5 kHz lókè ni òun ti ń gbọ́. Split ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pè é lórí ìgbì tó fi ń sọ̀rọ̀ máa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ayé ò sì ní gbọ́ ọ mọ́, àwọn ọlọ́pàá àfira-ẹni-ṣe á sì máa pariwo "up! up!", ariwo tiwọn á tún wá ju ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Lid ni wọ́n ń pe oníwàkuwà orí ìgbì. Èébú ni, ẹ má lò ó.

## Iṣẹ́ wákàtí kan

1. Ẹ ṣí WebSDR ní ọ̀sán, ẹ yan USB, ẹ lọ sí 14.200, ẹ máa rìn sókè sódò díẹ̀díẹ̀.
2. Tí ẹ bá rí ohùn tó mọ́, ẹ dúró. Ẹ má ṣí kúrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún.
3. Ẹ fa òpó márùn-ún sínú ìwé: UTC, ìgbì, àmì ìpè, nọ́ńbà ohùn, QTH. Ohun tí ẹ ò bá gbọ́, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ àmì wá orílẹ̀-èdè.
5. Tí ojú ìwé bá kún, ẹ lọ sí 7.100 ní alẹ́, ẹ yí i sí LSB, kí ẹ tún ṣe é. Ọ̀pọ̀ ohùn tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ á jẹ́ ti ará Yúróòpù, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni áńtẹ́nà náà wà.
6. Lórí WebSDR, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ ò bá gbọ́ 5N lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ò pọ̀ lórí ìgbì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fàlà sí i nídìí.